Nígbà tí Àyà Bá Já: Iṣan tó ń Pàṣẹ fún Ìlù Ọkàn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín níhà àtàǹpàkò, kí ẹ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ẹ má kánjú, ó wà níbẹ̀. Tí ọwọ́ yín bá ti bà á, ẹ rọra mí kanlẹ̀ sínú, kí ẹ sì rọra mí jáde. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo rí i tí àwọn kan ń wo ojú ara wọn. Bí ẹ ṣe ń mí sínú, ìlù náà ń yá díẹ̀. Bí ẹ ṣe ń mí jáde, ó ń falẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, àmì ìlera ni, ó sì máa ń hàn lára àwọn ọ̀dọ́ ju àwa àgbà lọ. Ọkàn tó dá ṣáṣá kì í lù bí aago ara ògiri. Ó ń yá, ó ń falẹ̀, torí pé àwọn kan ń bá a sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ yìí ni mo wá fi hàn yín, pàápàá èyí tí ohùn rẹ̀ le jù nínú wọn.

Èdè Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àyà mi já. Àyà mi ń lù kì-kì-kì. Ọkàn mi ò balẹ̀. Etí ló gbọ́ ìròyìn burúkú, ojú ló rí ejò, ṣùgbọ́n àyà la sọ pé ó já. Àwọn tó dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ kò la àyà ẹnikẹ́ni wò, síbẹ̀ wọn ò ṣìnà. Okùn kan wà lóòótọ́ láti inú orí wá sí àyà.

Inú ọpọlọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, ó jáde lókè àyà, ó sì wọ inú àwọn kókó iṣan tó tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Èyí tó tóbi nínú àwọn tó ń bójú tó ọkàn wà nísàlẹ̀ ọrùn. Nítorí pé ó yọ ẹ̀ka káàkiri, àwọn oníṣègùn fi ìràwọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Kókó ìràwọ̀ ni èmi náà á máa pè é. Láti ibẹ̀ ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín ti ń lọ bo ọkàn látòkè délẹ̀. Sympathetic ni orúkọ gbogbo ètò yìí nínú ìwé ìṣègùn. Ní tèmi, màá pè é ní iṣan atanijí, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó ń ta ara jí fún eré, fún ìjà, fún ìbẹ̀rù, kódà fún dídìde lórí ìjókòó lásán. Ẹnì kejì rẹ̀ ni vagus, tó gba ọrùn sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn ni màá pè ní iṣan atunilára.

Ọkàn fúnra rẹ̀ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kó tó lù. Lókè yàrá ọ̀tún rẹ̀, nítòsí ibi tí iṣan ńlá ti ń da ẹ̀jẹ̀ padà láti orí àti apá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń dá iná mànàmáná tiwọn. Arthur Keith àti Martin Flack ló ṣàpèjúwe wọn lọ́dún 1907. Bí a bá gé gbogbo iṣan tó so mọ́ ọkàn kúrò, ibẹ̀ á ṣì máa tanná nìṣó, ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ara àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún la ti ń rí i: iṣan ọkàn tuntun náà ti gé nígbà iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń lù láàárín 90 sí 110 bí ẹni náà tiẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Àwa yòókù tí tiwa ń lù bí 60 tàbí 70 tí a bá sinmi, iṣan atunilára ló ń fà á sẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé ìgbà ìsinmi pàápàá, àṣẹ ń lọ; ẹni tó ń pa á ni kò pariwo.

Láti 1845 ni Ernst àti Eduard Weber, ọmọ ìyá méjì ní Jámánì, ti fi hàn pé bí a bá ta iná sí vagus, ọkàn á falẹ̀, á tiẹ̀ dúró. Ó ya àwọn onímọ̀ ìgbà náà lẹ́nu. Wọ́n mọ̀ pé iṣan lè pàṣẹ kí ẹran ara ṣiṣẹ́, wọn ò mọ̀ pé ó lè pàṣẹ kó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n báwo ni àṣẹ náà ṣe ń dé inú ọkàn? Èyí ni Otto Loewi dáhùn ní ìlú Graz ní Austria, lọ́dún 1921. Ó mú ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì, ó sì fi wọ́n sínú omi iyọ̀. Ó ta iná sí iṣan àkọ́kọ́ títí ọkàn náà fi falẹ̀, ó wá bu omi tó yí i ká, ó dà á sórí ọkàn kejì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ìyẹn náà falẹ̀. Nígbà tó ta iṣan tó ń mú ọkàn yá, omi ibẹ̀ mú ọkàn kejì yá. Oògùn tí ara ń pò fúnra rẹ̀ ni iṣan fi ń sọ̀rọ̀! Loewi sọ pé ojú oorun ni èrò ìdánwò náà ti wá bá òun. Òun àti Henry Dale jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1936. Lọ́dún 1946, Ulf von Euler ti ilẹ̀ Sweden fi hàn pé noradrenaline ni ohun tí iṣan atanijí ń tú jáde nínú ara àwa èèyàn àti ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú. Àwọn ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ń fi adrenaline tiwọn kún un, gba inú ẹ̀jẹ̀.

Mo dúró díẹ̀ lórí ìtàn yìí nítorí ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ iṣan atunilára yára: ìlù kan sí èkejì, ọkàn ti dáhùn. Ti atanijí ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó wọlé, tó bá sì wọlé, kì í tètè jáde. Ìdí rèé tí ọkọ̀ fi lè kù díẹ̀ kó gbá ọ, tí ọkọ̀ náà á ti lọ, tí o ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, síbẹ̀ tí àyà rẹ ṣì ń lù bí ẹni tó ń sáré. Ewu ti kọjá, noradrenaline kò tíì kọjá.

Wàyí o, kí ló ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ẹ fojú inú wo sẹ́ẹ̀lì ọkàn bíi yàrá tó ní ilẹ̀kùn púpọ̀. Sódíọ̀mù ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, kálísíọ̀mù ní tirẹ̀, pọtásíọ̀mù ní tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde ni a ń pè ní iná ọkàn. Raymond Ahlquist, ará Amẹ́ríkà, ló sọ ní 1948 pé oríṣi etí méjì ni ara fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ adrenaline àti noradrenaline, ó pè wọ́n ní alpha àti beta. Beta ló pọ̀ jù nínú ọkàn. Nígbà tí noradrenaline bá bà lé etí beta yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tanná á máa tanná lemọ́lemọ́. Ẹnubodè tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀, tó máa ń dá iná dúró díẹ̀ kó tó kọjá, á túbọ̀ ṣí. Ilẹ̀kùn kálísíọ̀mù á ṣí gbayawu, àká kálísíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì á kún, ọkàn á sì máa fún ẹ̀jẹ̀ jáde tipátipá.

Iṣẹ́ kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú, torí òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì ọkàn gbọ́dọ̀ padà sípò kó tó lè gba òmíràn. Bí ìlù bá ń yá, tí pípadà sípò ò yá, èyí tó ń bọ̀ á bá èyí tó ń lọ lẹ́nu ọ̀nà. Atanijí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn kálísíọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣí àwọn ilẹ̀kùn pọtásíọ̀mù kan tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tètè padà sípò. Ọwọ́ kan náà tó ń tì í síwájú ló ń tún ọ̀nà ṣe fún un. Nínú ọkàn tí kò ní àbùkù, o lè sáré títí ìlù rẹ á fi di 180 ní ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo rẹ̀ sì wà létòlétò, yàrá òkè ṣáájú, yàrá ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sí ọ̀kan tó ń fò lé èkejì. Nítorí náà, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ọ̀tá ni iṣan yìí. Láìsí i, ẹ ò ní lè dìde lórí àga kí òyì má kọ́ yín.

Ibo wá ni wàhálà ti ń wá? Philippe Coumel, oníṣègùn ọkàn ará Faransé, máa ń ya igun mẹ́ta: ibi tó ti bàjẹ́ lára ọkàn, ìlù àìròtẹ́lẹ̀ tó já wọ ibẹ̀, àti iṣan tó ń ru ú sókè. Mo máa ń fi iná inú igbó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Igi gbígbẹ lè wà nílẹ̀ fún ogún ọdún kó má jó. Iná kékeré lè ta sórí ewé tútù kó kú síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ iná kékeré di èyí tí apá ò ká. Atanijí ni afẹ́fẹ́, ó sì burú ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, torí pé ó lè dá iná kékeré náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wo ọkàn tí àpá wà lára rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ikú òjijì ti ń wá. Nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọkàn bá dí, ẹran ibẹ̀ á kú, àpá á sì gba ipò rẹ̀. Èyí lẹ mọ̀. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún aláìsàn ni pé àwọn fọ́nrán atanijí tó gba ibẹ̀ kọjá náà kú. Fọ́nrán wọ̀nyí ń rìn lórí ọkàn bí ọ̀nà, wọ́n ń ti òkè lọ sísàlẹ̀. Tí ọ̀nà bá já láàárín, abúlé tó wà níwájú, tí nǹkan kan kò ṣe, kò ní gbọ́ ìròyìn mọ́. Ẹran ọkàn wà níbẹ̀ tó yè, tí kò níṣan. Ó ń pọ̀ngbẹ ọ̀rọ̀ débi pé tí adrenaline inú ẹ̀jẹ̀ bá kàn án, ó máa ń dáhùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní etí àpá náà, àwọn fọ́nrán tuntun á tún hù, bí igi tí wọ́n gé ṣe ń rú, wọ́n á sì pọ̀ síbì kan ju ibòmíràn lọ.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni irú ọkàn bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ ìròyìn tó já a láyà. Àṣẹ kan náà ti ọpọlọ wá. Ibì kan gbọ́ ọ bí igbe, ibì kan gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ibì kan ò gbọ́ rárá. Sẹ́ẹ̀lì kan ti padà sípò, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì padà. Iná tó yẹ kó kọjá bí ìgbì omi kan ṣoṣo á kọlu ibi tí kò tíì ṣetán, á yà bàrá, á yí àpá náà po, á sì padà síbi tó ti wá láti bá ibẹ̀ ní ipò tó ti lè gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ti ń yípo bẹ́ẹ̀, yàrá ìsàlẹ̀ á máa sáré lórí òfo. Bí ìgbì kan yẹn bá wá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ọkàn ò ní lù mọ́, á kàn máa gbọ̀n rìrì, ẹ̀jẹ̀ ò ní jáde, ẹni náà á sì ṣubú. Ara tó le kò ní kó dáàbò bo ẹni. Ọ̀rọ̀ àìdọ́gba ni: agbára kan náà tó pọ̀ níhìn-ín, tó kéré lọ́hùn-ún.

Ohun kan tún wà. Ìgbà tí ọkàn bá tú ara sílẹ̀ láàárín ìlù méjì ni yàrá òsì ìsàlẹ̀ ń rí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jù gbà fún ara rẹ̀. Tí ìlù bá yá jù, àkókò oúnjẹ rẹ̀ ń kúrú lásìkò tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀.

Ṣé àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá fi èyí hàn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1994, kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ mì tìtì ní àgbègbè Los Angeles. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nǹkan bí èèyàn 4.6 ni ọkàn ń pa lójijì níbẹ̀ lójúmọ́. Lọ́jọ́ náà, èèyàn 24 ló kú bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbà mí láfiyèsí jù ni ọjọ́ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e: iye náà rẹlẹ̀, ó lọ sí nǹkan bí 2.7 lójúmọ́. Ó jọ pé àwọn tí ìmìtìtì náà mú lọ, àwọn tí igi gbígbẹ ti wà lára ọkàn wọn tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù. Nígbà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006 ní Jámánì, àwọn olùwádìí tún ka àwọn tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà pàjáwìrì ní àgbègbè Munich nítorí ọkàn. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Jámánì bá ń gbá, iye wọn jẹ́ ìlọ́po 2.66 iye tó máa ń jẹ́, ewu náà sì pọ̀ jù fún àwọn tí àrùn ọkàn ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù lásán, lórí àga.

Mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ àgbà báyìí, kí n wá sọ́dọ̀ ọmọdé, torí ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù. Lọ́dún 1978, Coumel kan náà ṣàpèjúwe àwọn ọmọ kan tí kò sí àpá kankan lára ọkàn wọn. Tí ọmọ náà bá jókòó, tí ẹ so ẹ̀rọ ECG mọ́ ọn, àwòrán iná ọkàn rẹ̀ á mọ́ tónítóní. Ẹ jẹ́ kó sáré, tàbí kí nǹkan dẹ́rù bà á, àwọn ìlù tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n á di púpọ̀, ọmọ á sì dákú. Ní 2001 ni wọ́n rí i pé lára ọ̀pọ̀ wọn, apilẹ̀ àbùdá tó ń ṣe ilẹ̀kùn àká kálísíọ̀mù ló ní àbùkù. Nígbà tí atanijí bá kún àká náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò lè dì í mú. Kálísíọ̀mù á jò lásìkò tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì máa sinmi. Sẹ́ẹ̀lì á gbìyànjú láti lé e jáde, nínú lílé e jáde yẹn ni iná kékeré kan ti ń ta. Ìlù òjijì nìyẹn.

Àwọn mìíràn wà tí ọkàn wọn ń pẹ́ jù kó tó padà sípò lẹ́yìn ìlù. Jervell àti Lange-Nielsen kọ̀wé ní 1957 nípa ìdílé kan ní Norway tí àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ adití ń dákú, tí àwọn kan nínú wọn sì kú lójijì. Lẹ́yìn wọn ni a wá mọ̀ pé oríṣiríṣi ni àrùn yìí. Nínú oríṣi kan, ilẹ̀kùn pọtásíọ̀mù tí mo ní kí ẹ dì mú lẹ́ẹ̀kan, èyí tó yẹ kí atanijí ṣí kí sẹ́ẹ̀lì lè tètè padà sípò, òun gan-an ló bàjẹ́. Ọwọ́ tó ń tì í síwájú ṣì wà, èyí tó ń tún ọ̀nà ṣe ti rọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, eré sísá ló ń mú un dákú, lílúwẹ̀ẹ́ sì burú fún un ju ohun gbogbo lọ. Nínú oríṣi kejì, ariwo òjijì ni: aago ìtanijí lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù tó dún lóru. Ara tó ń sinmi, tí atanijí wá bá lójijì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́. Ọmọ tó dákú nígbà tó dúró pẹ́ nínú oòrùn, ohun kan nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀. Ọmọ tó dákú lórí eré, nínú omi, tàbí lójú ẹsẹ̀ tí ariwo dún, ohun mìíràn ni. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti pè ní oníwárápá, torí pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọpọlọ, ara lè máa gbọ̀n bíi ti wárápá. Wọ́n á fún un lóògùn wárápá fún ọdún mélòó kan, àrùn ọkàn náà á sì wà níbẹ̀ tí ń dúró. Ẹ ní kí wọ́n ya iná ọkàn rẹ̀. Tó bá mọ́, ẹ ní kí dókítà ọkàn yà á nígbà tí ọmọ náà ń sáré lórí ẹ̀rọ, lójú wọn. Ẹ béèrè nínú ẹbí bóyá ọ̀dọ́ kan ti kú lójijì rí, tàbí ẹni tó mọ omi wẹ̀ dáadáa tó wá kú sínú omi. Ìbéèrè tó rọrùn ni. Ó ti gba ẹ̀mí là.

Ọ̀nà ìtọ́jú kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan tó le. Láyé ìgbà kan, àwọn oníṣègùn rò pé níwọ̀n bí ìlù àìtọ́ ti ń ṣáájú ikú òjijì lára àwọn tí ọkàn wọn ti ní àpá, ká ṣáà pa ìlù àìtọ́ náà lẹ́nu mọ́. Oògùn tó lè ṣe é wà: encainide àti flecainide. Ìlù àìtọ́ náà sì dákẹ́ lóòótọ́, àwòrán ECG mọ́, inú gbogbo èèyàn dùn. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò dáadáa nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CAST, wọ́n ní láti dá oògùn méjèèjì dúró ní 1989. Nínú àwọn 755 tó ń lo oògùn gidi, 63 kú. Nínú àwọn 743 tó ń lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, 26 ló kú. Wọ́n pa iná kékeré náà, wọ́n sì mú kí igi túbọ̀ gbẹ.

Ṣùgbọ́n James Black ti ilẹ̀ Scotland ti ń ronú sí ọ̀nà mìíràn láti ìgbà pípẹ́. Ó ka ọ̀rọ̀ Ahlquist lórí etí alpha àti beta, ó ní, bí a kò bá lè pa ẹni tó ń pariwo lẹ́nu mọ́, ṣé a lè di etí ẹni tó ń gbọ́? Nínú iṣẹ́ yẹn ni propranolol ti jáde ní àwọn ọdún 1960, Black sì gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 1982, tí àwọn 3,837 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù ọkàn kópa nínú rẹ̀, ìdá 9.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín àwọn tí kò lo propranolol, ìdá 7.2 láàárín àwọn tó lò ó. Ó lè dà bíi pé ìyàtọ̀ náà kéré. Ẹ fi ka iye àwọn tó ń ní ìkọlù ọkàn lọ́dọọdún káàkiri ayé, ẹ ó rí i. Oògùn tí kì í bá ìlù àìtọ́ jà ní tààrà, tó kàn di etí sẹ́ẹ̀lì sí ariwo atanijí, òun ló pa ẹ̀mí mọ́.

Ibi tó ti hàn gbangba jù ni ohun tí wọ́n ń pè ní ìjì iná ọkàn: kí ìlù aṣekúpani dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24. Wọ́n á fi ẹ̀rọ ta iná sí ọkàn láti jí i, á jí, á tún dàrú. Kí ẹ sì ro ti ẹni tó wà lójúfò tí ẹ̀rọ ń ta iná sí láyà: ìrora, ìpáyà, noradrenaline tún tú jáde, ìjì tún gbé. Koonlawee Nademanee àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní ọdún 2000 nípa àwọn 49 tó wà nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù ọkàn. Àwọn tí wọ́n tọ́jú pẹ̀lú oògùn ìlù ọkàn gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìgbà náà, 18 nínú 22 kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí wọ́n dínà iṣan atanijí fún, yálà pẹ̀lú beta-blocker, ìyẹn oògùn tó ń di etí beta bíi propranolol, tàbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó mú kókó ìràwọ̀ apá òsì kú tipiri, 6 ló kú nínú 27. Mo rántí ibi tí mo ti ka ìròyìn náà; mo ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́ kí n lè rí i dájú pé mi ò ṣi nọ́ńbà wọ̀nyẹn kà.

Gígé iṣan náà kì í ṣe ohun tuntun. Thoma Jonnesco, oníṣẹ́ abẹ ní Bucharest, ti yọ kókó ìràwọ̀ apá òsì ẹnì kan ní 1916, ìrora àyà àti ìlù àìtọ́ ẹni náà sì lọ. Kí ló dé tó jẹ́ apá òsì? Ti ọ̀tún ló ń bójú tó ibi tí iná ti ń tàn jù. Ti òsì ló ń bá yàrá ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ikú wà. Wọ́n gbàgbé iṣẹ́ abẹ náà fún ìgbà pípẹ́ títí Moss àti McDonald fi lò ó ní 1971 fún aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ ń pẹ́ kó tó padà sípò. Nígbà tí Peter Schwartz kó àbájáde rẹ̀ jọ ní 2004 lára àwọn 147, ìdákú àti ewu ọkàn wọn ti fi ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọọdún. Lónìí, ihò kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà ni wọ́n ń gbà ṣe é.

Ibí ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, a sì ṣí àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ọ̀dọ́bìnrin kan béèrè bóyá ìbẹ̀rù lè pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀: ọkàn tí kò ní àpá tàbí àbùkù ìbí ń gba ìjáyà mọ́ra lójoojúmọ́, a kì í sì í mọ̀. Mo ní kó má fi ìbẹ̀rù ikú kún ìbẹ̀rù tó ti ní tẹ́lẹ̀.

Bàbá kan dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ní ìkọlù ọkàn, beta-blocker ni wọ́n fún òun, ara òun ti wá yá, ó ń rẹ òun díẹ̀díẹ̀ tí òun bá lò ó, ṣé òun lè jáwọ́? Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà." Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí a bá di etí sẹ́ẹ̀lì fún ìgbà pípẹ́, sẹ́ẹ̀lì á máa yọ etí tuntun jáde kó lè gbọ́. Bí oògùn bá kúrò lójijì, gbogbo etí wọ̀nyẹn á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, noradrenaline tí kò dín kù á sì bá wọn ní àìdì. Àyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, ìlù lè dàrú. Tó bá tiẹ̀ yẹ kó dín kù, dókítà ló máa dín in díẹ̀díẹ̀, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ nítorí àárẹ̀ náà. Bàbá yọ páálí oògùn náà nínú àpò wọn, wọ́n ní ó ku mẹ́rin. A jọ kọ orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé, kí wọ́n lè mú un lọ bá dókítà wọn kí mẹ́rin náà tó tán.